Fretless tòkunbọ̀ tí okùn ti jẹ pátákó rẹ̀: ṣé kí n ha á ni, àbí kí n fi epoxy bò ó?

BassÌbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn kí n tó fọwọ́ kan nǹkan tí n kò ní lè dá padà.

Mo ra báàsì fretless kan (gìtá báàsì tí kò ní fret, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń dábùú ọrùn gìtá) lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó gìtá tòkunbọ̀ wọlé. Olókùn mẹ́rin ni, irú Jazz Bass ti Fender, àmọ́ orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ti pa rẹ́. Igi rosewood ni fingerboard rẹ̀, ìyẹn pátákó tí ìka ń tẹ okùn mọ́, wọ́n sì fi ilà funfun síbi tí fret ì bá wà. Ohùn rẹ̀ dùn, ìdí nìyẹn tí mo fi rà á. Orin ìjọ àti highlife ni mò ń ta.

Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti fi okùn roundwound (èyí tí wọ́n fi wáyà róbótó wé) jẹ pátákó náà. Láti ilà 5 dé ilà 9, lábẹ́ okùn G àti D, igi ti jinlẹ̀. Tí mo bá fi èékánná wọ́ ọ, ó ń dún kẹrẹkẹrẹ, torí ojú wáyà okùn ti wọ inú igi. Ohùn C lórí okùn G ń dún kedere. Tí mo bá sún dé ohùn D ní ilà 7, á máa ṣe zzzz, ohùn á sì kú kíá. Lórí okùn E àti A, kò sí wàhálà kankan.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń lu báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n gbé e fún káfíńtà kó fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú. Ẹlòmíì ní kí n da epoxy, ìyẹn gúlù olómi tó máa ń gbẹ le, lé e. Ó tilẹ̀ ti ń wá sí mi lọ́kàn pé bóyá ọrùn mìíràn ni kí n wá rà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Slap_Mushin

Epoxy ni o! Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí okùn tó lè jẹ igi yẹn mọ́. Ohun tí Jaco Pastorius, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olùta báàsì ará Amẹ́ríkà nì, ṣe sí tiẹ̀ nìyẹn.

ỌmọPeckham

Òótọ́ ni, @Slap_Mushin, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán kí àbúrò wa má bàa sáré lọ ra epoxy lálẹ́ òní.

Jazz Bass ti ọdún 1962 ni Jaco Pastorius lò. Fret ti kúrò lórí rẹ̀, wọ́n ti dí ojú ihò wọn, ó wá fi epoxy tí wọ́n ń kùn sára ọkọ̀ ojú omi bo rosewood rẹ̀. Ohun tó fà á ni okùn tó ń lò. Roundwound ti Rotosound ni, irin rẹ̀ le, ojú rẹ̀ sì rí ṣákaṣàka, igi lásán kò lè gbà á mọ́ra fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Ampeg gbé fretless tiwọn jáde ní 1966, tí Fender sì gbé Precision tí kò ní fret jáde ní 1970, flatwound, okùn tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, ṣì wọ́pọ̀ gan-an lórí báàsì, flatwound kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dá ọgbẹ́ sí igi. Nítorí náà, ohun tí Jaco ń wá ni ààbò fún igi. Ohùn tó mọ́, tó sì ń pẹ́ kó tó kú, tí gbogbo wa gbọ́ nígbà tó wọ ẹgbẹ́ olórin jazz Weather Report ní 1976, ó wà lára èrè tí epoxy yẹn mú wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Mo ti fi epoxy bo tèmi, inú mi sì dùn sí i títí dòní. Àmọ́ dídà á kọ́ ni iṣẹ́. O máa fi téèpù dí etí pátákó yípo, o máa kùn ún ní ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, o máa jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gidi á tó bẹ̀rẹ̀: o gbọ́dọ̀ ha epoxy yẹn títí yóò fi tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí àárín rẹ̀ sì ga ju etí rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni sáńpépà olómi, láti 400 dé 2000, kí o tó wá fi ìpara dán an. Ẹ̀yin tó ń lo epoxy ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ó rọ̀ jù, ó sì máa ń pọ́n bí ọjọ́ bá ti ń lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí: epoxy á gbé ojú pátákó sókè. Nut (ibi tí okùn gbà kọjá ní orí ọrùn) àti bridge (ibi tí okùn so mọ́ lára gìtá) gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Oníṣẹ́Gìtá_Abẹ́òkúta

Àbúrò, ẹ kú oríire báàsì tuntun. Mo ka gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ, mo sì rí i pé a ti ń yan oògùn nígbà tí a kò tíì mọ àìsàn. O kò tíì wọn nǹkan kan. Bí zzzz yẹn bá ti ọrùn wá ńkọ́? O lè ha igi dànù lórí ohun tí fífi Allen key yí truss rod, ọ̀pá irin inú ọrùn, ì bá tún ṣe.

Ọrùn ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tún okùn rẹ̀ sí ohùn tí o máa ń lò. Tẹ okùn E ní ilà 1 àti ní ilà tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí o wá wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti igi ní ilà 7 tàbí 8. Okùn tí a fà ló tọ́ jù nínú ilé rẹ, òun fúnra rẹ̀ ni irin ìwọ̀n. Ṣe bákan náà lórí okùn G. Lórí báàsì tó ní fret, 0.3 mìlímítà kò burú. Fretless fẹ́ kí ọrùn tọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: 0.1 sí 0.2 ni mo máa ń fi tèmi sí.

Ìdí tí mo fi ní kí o ṣe E àti G nìyí. Kò sí ẹni tó jẹ igi lábẹ́ E, nítorí náà ohun tí o bá rí níbẹ̀ ni ìtẹ̀ ọrùn nìkan. Lábẹ́ G, ìtẹ̀ ọrùn àti kòtò tí okùn gbẹ́ ló para pọ̀. Yọ ti E kúrò nínú ti G, èyí tó bá ṣẹ́kù ni ìjìnlẹ̀ kòtò. Bí ọrùn bá ti lọ́ ni ìṣirò yìí kò ní bá a mu, ìdí nìyẹn tí o tún máa fi irin títọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Feeler gauge tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wọn ojú plug ni kí o fi wọn àlàfo. O máa rí i rà ní Gate, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Fún irin títọ́, lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe fèrèsé aluminium, kí wọ́n gé igun kan fún ọ. Má gbàgbọ́ pé ó tọ́ o. Fi fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí pépà, yí i padà sí òdì kejì, kí o tún fa ilà lójú ibi kan náà. Bí ilà méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, dá a padà fún wọn.

Bí okùn bá ti kúrò, tẹ́ irin náà sórí pátákó, ní ojú ọ̀nà okùn G gan-an, láti nut dé ìparí. Gbé iná sẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí iná bá ti ń yọ ni kòtò. Wò ó dáadáa ní ìparí pátákó, níbi tí ọrùn ti wọ ara gìtá. Ní ọ̀pọ̀ báàsì àtijọ́, ibẹ̀ máa ń yọ sókè. Bí ibẹ̀ bá ga, gbogbo ohùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á máa fi ara gbún un, ẹni tó ni ín á sì máa rò pé àárín ló jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo iye igi tó ṣẹ́kù. Wo ẹ̀gbẹ́ ọrùn, o máa rí ibi tí rosewood pin tí igi funfun bẹ̀rẹ̀. Wọ̀n ọ́n. Láti 1962 ni Fender ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi rosewood fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ̀ lé orí igi ọrùn, dípò èyí tó nípọn tó sì tẹ́jú lábẹ́, àwọn mìíràn sì wò wọ́n ṣe. Bí tìrẹ bá jẹ́ irú rẹ̀, o kò ní igi púpọ̀ láti fi ṣòfò. Igi tí o bá ha kúrò kò ní padà, mo sì máa ń sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá gbé báàsì wá bá mi: ohun tó kéré jù tó lè parí ìṣòro ni ká kọ́kọ́ ṣe.

Ní ti káfíńtà, má gbé e lọ. Iṣẹ́ tiwọn ni kí pákó tẹ́ pẹrẹsẹ. Pátákó gìtá kò gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju etí méjèèjì lọ, ìyẹn la ń pè ní radius rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìhagi bá ti kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, abẹ́ okùn D àti A ti bàjẹ́ nìyẹn.

Gbé nọ́ńbà wá kí a tó máa sọ̀rọ̀ epoxy.

IgiDára

Káfíńtà ni mí, mo sì fara mọ́ ohun tí bàbá sọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n fi kún un pé kó dá a lójú pé igi ni lóòótọ́. Squier fi ebonol sórí fretless Vintage Modified Jazz Bass wọn, ó dúdú bí ebony ṣùgbọ́n kì í ṣe igi rárá. Wo ojú rẹ̀ nínú oòrùn. Igi ní ihò wínníwínní, ọ̀nà igi sì máa ń hàn. Bí ó bá dán gbọ̀n-ọ́n tí kò ní ihò kankan, má fi òróró kùn ún, kò ní mu ún.

BassÌbàdàn

Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Mo ti wọ̀n ọ́n. Rosewood ni dájúdájú, ihò rẹ̀ hàn ketekete.

Bí mo ṣe bá a: E 0.4, G 0.65. Mo yí truss rod díẹ̀ sí ọ̀tún, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo tún yí i díẹ̀ sí i. Ní báyìí E jẹ́ 0.15, G jẹ́ 0.4. Mo tún fi irin aluminium yẹ̀ ẹ́ wò láìsí okùn: kòtò abẹ́ G jin tó 0.25 ní ilà 7, ti D jẹ́ 0.15. Ìparí pátákó kò yọ sókè. Rosewood tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn nípọn tó mìlímítà 4.

Ohùn D yẹn ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń dún pẹ́ díẹ̀, àmọ́ zzzz ṣì wà níbẹ̀.

Oníṣẹ́Gìtá_Abẹ́òkúta

Ó ṣeun tí o mú nọ́ńbà wá, wọ́n sì bá ara wọn mu: 0.4 yọ 0.15 ku 0.25, irin náà sì sọ 0.25. Apá kan ìṣòro yẹn jẹ́ ti ọrùn, o ti yanjú rẹ̀ láìná owó. Èyí tó kù jẹ́ ti igi.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, o lè fi súpà gúlù tó ṣàn bí omi kún inú kòtò náà díẹ̀díẹ̀, kí o sì ha á dọ́gba pẹ̀lú ara pátákó. Ó dára fún ojú kan ṣoṣo tí wọ́n fi nǹkan gún, tàbí ibi tí igi ti hó. Kòtò tó lọ láti ilà 5 dé 9 ti gùn jù fún un. Ìka rẹ á máa bọ́ láti orí igi sórí gúlù, láti orí gúlù padà sórí igi, ohùn méjèèjì kò sì jọra. Fretless kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́, torí ìka àti igi nìkan ló wà níbẹ̀.

Èkejì ni kí a ha gbogbo pátákó náà sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí kòtò wà. O ní mìlímítà 4. Bí a bá yọ ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà, kò sí ohun tó ṣe é. Èyí ni kí o ṣe. Má sì lépa kòtò náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí feeler gauge 0.05 kò bá lè kọjá lábẹ́ irin mọ́, dúró. Bí àmì okùn bá ṣì hàn díẹ̀ lójú, fi í sílẹ̀. Etí kò ní gbọ́ ọ, igi tó ṣẹ́kù yẹn sì wúlò fún ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú.

ÌyáOrin

Ẹ jẹ́ kí n bi àbúrò wa ní ìbéèrè kan: báwo lo ṣe ń mi ohùn? Bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá ti kúrò lórí báàsì tó ní fret, a máa ń fa okùn sókè sísàlẹ̀ ní ìbú láti mú kí ohùn gbọ̀n. Lórí fretless, ìyẹn gan-an ló ń gbẹ́ igi. Fi ìka yí ní òró, lọ sí apá nut, bọ̀ sí apá bridge, bí àwọn tó ń ta cello ṣe ń ṣe é. Ohùn á gbọ̀n ju bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá, okùn kò sì ní máa fi ẹ̀gbẹ́ ha igi. Bákan náà ni títẹ̀ líle: kò sí fret tí o fẹ́ bá jà, tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀nba.

Flatwound ni mò ń lò lẹ́yìn ẹgbẹ́ akọrin wa, pátákó mi kò sì ní ọgbẹ́ kankan. Ẹni tó bá ti gbọ́ gòjé nínú sákárà ti mọ irú ohùn tí mò ń wá, ohùn tó ń yọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn láìsí àtẹ̀gùn láàárín. Flatwound ń fún mi ní ìyẹn, àwọn àgbà tó wà nínú ìjọ sì fẹ́ràn rẹ̀.

Slap_Mushin

Mà, flatwound kì í ké tó fún orin ìyìn tó yára. Inú onílù àti kíbọ́ọ̀dù ló máa ń wọ̀ sí.

ÌyáOrin

@Slap_Mushin, òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà náà ẹ lo half-round, èyí tí wọ́n ti lọ ojú rẹ̀ díẹ̀. Tàbí roundwound oní-nickel, ó rọ̀ lára igi ju ti stainless steel lọ.

IgiDára

Ọ̀rọ̀ sáńpépà wá kàn mí wàyí.

Kọ́kọ́ nu pátákó náà mọ́. Rosewood fúnra rẹ̀ ní òróró nínú, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ sì lè ti fi lemon oil kùn ún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fi aṣọ tó ní acetone díẹ̀ nù ún. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń nu èékánná o, torí wọ́n máa ń fi òróró sí òmíràn nínú wọn. Má jẹ́ kí acetone kan àmì róbótó tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ó lè yọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni má jẹ́ kó kan ọ̀dà ara gìtá.

Lẹ́yìn náà, block, ìyẹn igi tí a máa ń lẹ sáńpépà mọ́ lábẹ́ láti fi ha pátákó. Bí o kò bá rí èyí tó ní radius rà, o lè ṣe é. Lẹ sáńpépà mọ́ pátákó náà fúnra rẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọ òkè, ní ìparí níbi tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Mú igi líle kan tó gùn, kí o máa fà á lọ fà á bọ̀ lórí sáńpépà yẹn ní òró títí tí abẹ́ rẹ̀ yóò fi gba ìrísí pátákó. Lẹ́yìn náà, yọ sáńpépà kúrò lórí pátákó, lẹ ẹ́ mọ́ abẹ́ igi náà. Radius irú Jazz Bass tòde òní sábà máa ń jẹ́ ínṣì 9.5, tàtijọ́ jẹ́ 7.25, àmọ́ ohun tí gìtá rẹ bá sọ ni kí o gbà. Igi náà gbọ́dọ̀ gùn. Èyí tó bá kúrú á kàn máa bọ́ sínú kòtò, á sì máa gbẹ́ ẹ jìn sí i.

Fi chalk fa ilà lọ bọ̀ sórí gbogbo pátákó. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà nọ́ńbà 180. Ha á ní òró, bí okùn ṣe lọ, láti orí dé ìparí láìdúró, kì í ṣe ní ìbú. Ibi tí chalk bá ti kúrò ni ibi gíga, ibi tí chalk bá kù ni kòtò. Wò ó lẹ́yìn ìgbà díẹ̀díẹ̀, má fi agbára tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìwọ̀nba chalk ló kù nínú kòtò, bọ́ sí 320, lẹ́yìn náà 400, kí o wá fi 600 parí rẹ̀.

Wọ ìbòmú. Eruku rosewood máa ń bá ara ẹlòmíràn jà, á máa yún un, á sì máa dí i nímú. Ìta ni kí o ti ṣe é, kì í ṣe nínú yàrá tí ọmọdé ń sùn.

Oníṣẹ́Gìtá_Abẹ́òkúta

Ohun tí @IgiDára kọ pé. Ẹ jẹ́ kí n fi ìkan kún un: kí o tó fi sáńpépà kàn án, yọ okùn, kí o sì tú truss rod títí ọrùn yóò fi tọ́ gbọnrangandan láìsí okùn. Bí o bá ha á nígbà tó tẹ̀ sẹ́yìn, ìwọ̀n tí o ní lórí tábìlì kọ́ ni o máa ní nígbà tí okùn bá ti fà á.

Má sì ṣe é lọ́jọ́ tí o gbé gìtá jáde láti inú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù bọ́ sínú oòrùn. Jẹ́ kí igi mọ ibi tó wà.

ỌmọPeckham

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí híha, àmọ́ mo ṣì fẹ́ gbè sẹ́yìn epoxy díẹ̀. Bí ó bá padà sórí roundwound lẹ́yìn èyí, kòtò á tún padà wá. Mélòó ni ó máa ha kí mìlímítà 4 tó tán? Ẹni tó bá mọ̀ pé roundwound oní-steel ni òun á máa lò títí ayé, mo rò pé kó kùn ún ní epoxy nígbà tó ti tẹ́jú tó sì mọ́ báyìí ló bọ́gbọ́n mu, torí ojú igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni epoxy ń dì mọ́ jù.

Ní ti ọrùn tuntun tàbí pátákó tuntun tí àbúrò mẹ́nu bà, kó mọ̀ pé rosewood tí wọn kò tíì ṣe sí nǹkan kan kò rọrùn láti fi ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Láti oṣù January 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ti fi gbogbo Dalbergia, ìdílé igi tí rosewood wà nínú rẹ̀, sí abẹ́ òfin. Ní 2019 wọ́n yọ gìtá tí wọ́n ti ṣe parí kúrò nínú rẹ̀, àmọ́ wọn kò yọ pákó rosewood lásán. Ìdí nìyẹn tí Fender fi gbé igi mìíràn, pau ferro, sórí ọ̀pọ̀ gìtá tí wọ́n ń ṣe ní Mexico lọ́dún 2017.

Oníṣẹ́Gìtá_Abẹ́òkúta

@ỌmọPeckham, n kò bá ọ jiyàn lórí ti roundwound oní-steel. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, epoxy tó dára jẹ́ ìdáhùn. Ohun tí mò ń kọ̀ ni kí a fi epoxy bo kòtò àti òróró mọ́lẹ̀. Mo ti rí èyí tó ń ṣí bí ìpẹ́ torí wọ́n kùn ún sórí lemon oil, yíyọ rẹ̀ sì gba igi tó pọ̀ ju èyí tí kòtò gbà lọ. Àbúrò wa ní orin ìjọ àti highlife ni òun ń ta. Kò nílò rẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ ẹ lọ́dún tó ń bọ̀, pátákó á ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti kùn ún ni kò lè tètè padà sẹ́yìn.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti pátákó tuntun lọ́jọ́ kan, àpá tiwa kì í ṣe igi àbùkù. Ó le, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wú tàbí sún kì bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Kó ṣáà ti gbẹ délẹ̀. Ìrókò ni n kò ní gbà ọ́ níyànjú, ó rọ̀ jù fún okùn.

BassÌbàdàn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti parí rẹ̀. Mo lo igi gígùn tí mo fi pátákó náà fúnra rẹ̀ ṣe ìrísí rẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n IgiDára ṣe sọ. Chalk yẹn wú mi lórí gan-an. Ibi tí mo rò pé ó tẹ́jú lábẹ́ okùn A, kòtò kékeré wà níbẹ̀ tí ojú mi kò rí tẹ́lẹ̀. Feeler gauge 0.05 kò kọjá níbì kankan mọ́. Àmì okùn ṣì hàn fírífírí ní ilà 7 lábẹ́ G, mo fi í sílẹ̀ bí bàbá ṣe wí. Ilà funfun wọn ṣì wà pé.

Mo fi òróró díẹ̀ pa á, mo nù ún gbẹ, mo sì fi half-round oní-nickel sí i. D ti ń dún! Ó ń wú jáde lẹ́yìn tí mo bá ti ta á tán, ohùn mwah yẹn tí mo tìtorí rẹ̀ ra fretless.

Ohun kan ló kù. Ní ìsàlẹ̀, ní ilà 1 àti 2, okùn ti ga jù, mo ní láti tẹ̀ ẹ́ líle, F lórí okùn E sì ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti sọ bridge kalẹ̀, kò yí ibẹ̀ padà.

Oníṣẹ́Gìtá_Abẹ́òkúta

O káre! Nut ni. O ti sọ igi kalẹ̀, nut kò bá a sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà àlàfo tó wà níbẹ̀ ti fi iye tí o ha kúrò pọ̀ sí i. Bí okùn bá sì ga níbẹ̀, títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á fà á le, ohùn á sì ga. Ìdí F rẹ nìyẹn.

Má fi fáìlì gbẹ́ ojú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Torí pé gbogbo pátákó ló sọ̀ kalẹ̀ bákan náà, abẹ́ nut ni kí o ha. Fi igi kékeré gbún un jẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kí ó yọ, tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì, kí o fa abẹ́ rẹ̀ lórí rẹ̀ ní títọ́, kí o máa dá a padà wò. Lórí fretless, okùn lè sún mọ́ igi gan-an níbi nut, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, torí kò sí fret tí yóò gbé e sókè. Bí pépà ìkọ̀wé méjì bá lè kọjá lábẹ́ okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nut, dúró níbẹ̀. Súpà gúlù ẹ̀kán kan péré ló máa mú un dúró.

Bí saddle bridge rẹ, ìyẹn ibi tí okùn jókòó lé, bá sì ti kanlẹ̀ tí okùn ṣì ga lókè, gé pépà líle tàbí igi pẹlẹbẹ kékeré kan sí ìdí ọrùn, níbi tó ti wọ ara gìtá. Ó lè má nílò rẹ̀.

BassÌbàdàn

Mo ti ṣe nut. F ti wà níbi tó yẹ kó wà. Bridge kò kanlẹ̀. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ìgbà wo ni kí n tún yẹ̀ ẹ́ wò?

Oníṣẹ́Gìtá_Abẹ́òkúta

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Igi á gbẹ, ọrùn á yí padà, o lè nílò láti yí truss rod díẹ̀. Fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ọrùn nígbà yẹn. Bí etí àwọn ilà funfun bá ń gún ọ lọ́wọ́, igi ló sún kì tí ilà kò sún kì, sáńpépà 400 díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ nìkan á yanjú rẹ̀. Má tún fi sáńpépà kan ojú pátákó. Wọ̀n E àti G, kọ nọ́ńbà wọn sínú àpótí gìtá rẹ.

Slap_Mushin

Bàbá, tèmi náà ń ṣe zzzz ní ilà 10 sí 12. Ebony ni, roundwound oní-steel ni mò ń lò, mo sì ti ra epoxy sílẹ̀.

Oníṣẹ́Gìtá_Abẹ́òkúta

Jẹ́ kí epoxy wà nínú páálí ná. E mélòó, G mélòó, ṣé ìparí pátákó sì yọ sókè?

Slap_Mushin

Mo ń bọ̀ sà, mo ń lọ ra feeler gauge ní Ládìípọ̀.